Hítà Ìjàpá 1972 ti gan pa: báwo lẹ ṣe ń yọ ọ́ láìfọ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà?

Ọmọ Òkè-Àdó (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀yin tí òtútù ń mú lókè òkun, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn.

Ìrànlọ́wọ́ ni mo wá o. Mo ra Ìjàpá kan ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, Volkswagen 1300 ti ọdún 1972. Owó Údójì ni bàbá mi fi ra tiwọn n'Íbàdàn lọ́dún 1975, aláwọ̀ ojú ọ̀run, òun ló sì ń gbé gbogbo wa lọ sí iléèwé. Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí. Wọ́n ń bọ̀ wá kí wa lóṣù kọkànlá, ó sì wù mí kó jẹ́ Ìjàpá ni n ó fi lọ gbé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé arúgbó sínú ọkọ̀ tí kò ní hítà nínú oṣù kọkànlá ìlú yìí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Nínú ọ̀pá hítà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíréèkì ọwọ́, ti ọ̀tún kò mì rárá. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò ó. Wáyà tó yẹ kó máa fa ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ti dípẹtà mọ́ inú páìpù tó gbà kọjá, ìlẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀ ti gan. Àpótí irin tó bo páìpù èéfín lápá òsì ti jẹrà débi pé mò ń wo inú rẹ̀ láti ìta. Àwọn nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà (irin tó bo orí sílíńdà ẹ́ńjìnnì) kò ní igun mọ́, wọ́n rí roboto bí èkùrọ́.

Lánàá, mo ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà kí n lè rí agbára lò. Nọ́ọ̀tì náà kọ́kọ́ le bí òkúta. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bíi pé ṣingọ́ọ̀mù ni mò ń lọ́. Àyà mi já, mo jáwọ́. Ṣé ó ti ń tú ni, àbí mo ti ba nǹkan jẹ́? Ṣé dandan ni kí ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá Mẹ́káníìkì (Mọ̀kọ́lá, Ìbàdàn)

Ọmọ mi, o káre tí o jáwọ́. Rírọ̀ tó rọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ yẹn kì í ṣe títú. Sítọ́ọ̀dù, irin tí wọ́n ń de nọ́ọ̀tì mọ́, ló ń lọ́. Ká ní o fi kún un díẹ̀ ni, ì bá ti kán. Má fọwọ́ kàn án mọ́ títí ẹ́ńjìnnì á fi wà nílẹ̀.

Ọdún 1976 ni mo wọṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ìgbà yẹn, wọ́n ti ń to Ìjàpá ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, láti ọdún tó ṣáájú, ó sì kún ìgboro. Mi ò lè ka iye ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí hítà rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, torí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lóde òní, rédíétọ̀ kékeré ni wọ́n máa ń wá lọ sínú dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n bá gbọ́ hítà. Ìjàpá kò ní in. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í mu omi. Fáànù tó wà lẹ́yìn ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára kó lè tutù. Díẹ̀ nínú atẹ́gùn yẹn ń gba rọ́bà méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ inú àpótí irin tó yí páìpù èéfín ká. Ara páìpù gbígbóná yẹn ni atẹ́gùn ti ń gbóná. Lẹ́yìn náà ni yóò gba inú irin abẹ́ ilẹ̀kùn lọ síwájú, síbi ẹsẹ̀ àti síbi gíláàsì. Ìlẹ̀kùn kékeré tó wà níwájú àpótí ni wáyà ń ṣí. Èéfín kò gbọ́dọ̀ kan atẹ́gùn yẹn níbì kankan. Fi èyí sọ́kàn, torí àpótí òsì tí o ní o ń wo inú rẹ̀ yẹn, mi ò ní gbà kí o tún lò ó.

Ó dáa. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan ń tú àpótí yẹn láti abẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti gan báyìí, ojú gbọ́dọ̀ rí i kí ọwọ́ tó kàn án. Yọ orí bátìrì. Di rọ́bà epo kó má máa jò. Ibi mẹ́rin ni wọ́n ti dè é mọ́ gíábọ́ọ̀sì, sípánà 17 ló ń tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó lé ní 100 kílò, nítorí náà jáákì tó dúró dáadáa, àti ẹni kejì tí kò ní máa wo fóònù.

Tó bá ti wà nílẹ̀, wàá rí nọ́ọ̀tì mẹ́jọ lẹ́nu èéfín. Mẹ́rin tó kọjú síwájú ọkọ̀ ló di àpótí hítà méjèèjì mú, mẹ́rin ẹ̀yìn di sàlẹ́ńsà. Sítọ́ọ̀dù 8 mm ni gbogbo wọn. Sàlẹ́ńsà ni kí o kọ́kọ́ yọ, torí ìdí àpótí wọ inú rẹ̀, kíláàmù sì dì í níbẹ̀. Kíláàmù yẹn, má bá a jà. Tí bóòtù rẹ̀ bá kọ̀, gé e, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Nọ́ọ̀tì mẹ́jọ yẹn ni iṣẹ́ wà. Fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹnu sítọ́ọ̀dù títí wàá fi rí ìlà ara rẹ̀. Kán òróró tó ń wọnú sí i láàárọ̀, kán an lálẹ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Ní gbogbo ìgbà tí o bá kán an, fi òòlù kékeré gbá nọ́ọ̀tì náà lórí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, tọ́, tọ́, tọ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Gbígbá yẹn ló ń jẹ́ kí òróró rí ojú ọ̀nà wọlé. Lọ́jọ́ kẹfà, fi iná gáàsì tó ní ẹnu tín-ín-rín gbá nọ́ọ̀tì nìkan, kì í ṣe sítọ́ọ̀dù, títí yóò fi pọ́n díẹ̀. Gbé iná kúrò. Fún un díẹ̀ sí i ná, bíi pé o fẹ́ dè é, ìwọ̀n irun orí báyìí. Wàá gbọ́ ọ tí yóò dún *kẹ̀*. Ìpẹtà ló ja yẹn. Ìgbà náà ni kí o wá máa tú u, ìdajì yíyí sẹ́yìn, ìdá kan nínú mẹ́rin síwájú, òróró, ìdajì sẹ́yìn. Tó bá tún ti ń le, dá a padà, má fipá mú un. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a fi agbára mú ní í le koko. Ọ̀gá mi kì í sọ ọ̀rọ̀ yẹn lásán, ìdí nọ́ọ̀tì èéfín ló ti máa ń sọ ọ́.

Wẹ́dà Àgége

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ má bínú, ọjọ́ márùn-ún ti pọ̀ jù. Iná ni kí ó kọ́kọ́ fi bá a. Èmi kì í kán òróró kankan, gáàsì ni mò ń ṣí. Wáyà tó gan yẹn náà, kó lọ gbá iná mọ́ irin àárín ọkọ̀ láti òkè, níbi tí bíréèkì ọwọ́ jókòó lé. Irin á gbóná, páìpù inú rẹ̀ á gbóná, wáyà á tú fúnra rẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Ṣikágò)

Rárá o! Ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iná kan irin àárín Ìjàpá láéláé. Iwájú ni táńkì epo Ìjàpá wà, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà. Inú irin àárín yẹn gan-an ni páìpù bẹntiróòlù gbà kọjá, òun àti wáyà kíláàṣì, wáyà tọ̀rọ́tù àti wáyà hítà, wọ́n jọ wà nínú ihò kan. Ẹni tó bá gbá iná mọ́ ọn láti òkè, bẹntiróòlù ló ń sè.

Mo mọ̀ pé ẹ kò rò ó burúkú, àbúrò mi. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn dúró níbẹ̀ láìfèsì, torí ẹnì kan lè wá kà á lọ́dún tó ń bọ̀ kó sì lọ ṣe é.

Wẹ́dà Àgége

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí. Mi ò tíì tú Ìjàpá débẹ̀ rí, ọkọ̀ míràn ni mo fi ń ṣe òdiwọ̀n. Mo kó ọ̀rọ̀ mi lórí irin àárín jẹ. Ti nọ́ọ̀tì ni kí ẹ mú lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo mọ̀ dájú ni ti sítọ́ọ̀dù tó bá kán. Tó bá kán tó sì ṣẹ́ kù ìwọ̀n èékánná síta, má lu ú, má sì yára gbé ẹ̀rọ ìlurin. Wá nọ́ọ̀tì tuntun tí ihò rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju sítọ́ọ̀dù lọ, gbé e lé orí kùkùté yẹn, kí o jó o láti inú ihò wá títí yóò fi kún. Iṣẹ́ méjì ni jíjó yẹn ń ṣe. Ó fún ọ ní orí tuntun tí sípánà lè mú, iná rẹ̀ sì ń gbóná wọ inú sítọ́ọ̀dù lọ débi tí kò sí gáàsì tó lè dé. Dúró kí pípọ́n rẹ̀ lọ. Tí ó bá ṣì gbóná ṣùgbọ́n tí kò pọ́n mọ́, mì í díẹ̀díẹ̀ sí iwájú sẹ́yìn. Ó lè kán lẹ́ẹ̀kejì, kó tún kán lẹ́ẹ̀kẹta. Tún òmíràn jó mọ́ ọn. Mo ti jó nọ́ọ̀tì márùn-ún mọ́ sítọ́ọ̀dù kan rí kó tó gbà.

Tọ́ọ̀pù sílíńdà Ìjàpá, alumíníọ̀mù ni. Tí iná bá kan alumíníọ̀mù, wíwú rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti irin. Torí náà tí ẹ bá fẹ́ fa sítọ́ọ̀dù jáde látinú rẹ̀, ara tọ́ọ̀pù sílíńdà ni kí iná kàn jù, kí ihò lè là fún un. Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì lẹ fẹ́ yọ, nọ́ọ̀tì ni kí iná kàn, bí Bàbá ṣe wí. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ sì ṣọ́ra, alumíníọ̀mù kì í pọ́n kó tó yọ́. Ó ń dúró bẹ́ẹ̀ ni, àfi kí ẹ rí i tó ń ṣàn.

Ìyá Ìbejì (Ṣikágò)

Ọlọ́run á bù kún ọgbọ́n yín. Ọ̀rọ̀ ìyọ́ alumíníọ̀mù yẹn ṣe pàtàkì.

Èmi àti ọkọ mi ti tún Ìjàpá mẹ́ta ṣe níbí. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì lásìkò yìnyín, iyọ̀ yẹn ló ń jẹ abẹ́ ọkọ̀ run. Ìpẹtà tiwa kì í ṣe ìpẹtà Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣiṣẹ́ fún wa.

Òróró: ìdajì ásétóònù (omi tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́), ìdajì epo gíà ọkọ̀ aláìyígíà. Wọ́n kì í pò pọ̀ dáadáa, ẹ mi ìgò náà kí ẹ tó kán an. Rọ́bà ló ń ba jẹ́, iná sì ń tètè ràn mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó mú iná wá. WD-40 tí gbogbo ayé ń fín, ó dára fún lílé omi, ṣùgbọ́n kò tó èyí.

Àbẹ́là: lẹ́yìn tí nọ́ọ̀tì bá ti gbóná tí ẹ gbé iná kúrò, ẹ fi orí àbẹ́là kan ìdí rẹ̀, níbi tí ó ti pàdé sítọ́ọ̀dù. Ẹ óò rí i tí ìda yóò yọ́ tí ihò yóò sì fà á mu bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń fa omi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pe àwọn ọmọ wá wò ó.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì: onígun mẹ́fà nìkan. Onígun méjìlá ló ń sọ nọ́ọ̀tì di èkùrọ́. Tó bá sì ti di èkùrọ́ tẹ́lẹ̀ bíi tiyín, 13 kò ní mú un mọ́, ẹ fi òòlù ki 12 bọ̀ ọ́ lórí.

Èyí tó gan ju gbogbo wọn lọ, a fi ẹ̀rọ ìgérin kékeré la nọ́ọ̀tì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ó fi kù díẹ̀ kó kan sítọ́ọ̀dù, a wá fi ṣísẹ́lì là á sí méjì bí obì. Sítọ́ọ̀dù ò farapa.

Nǹkan méjì tí mi ò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ẹ má fi omi ìfọbíréèkì fọ ibi tí ẹ máa fi iná kàn. Èyí tó ní kilorínì nínú, tí iná bá ràn án, ó ń di èéfín olóró tó lè pa ènìyàn láàárín yàrá. Ìkejì, òrùka tó wà láàárín kíláàmù àti gáàsìkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ 1972, asibẹ́sítọ́ọ̀sì (ohun tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́) lè wà nínú wọn. Ọdún 1999 ni Gẹ̀ẹ́sì tó fòfin de é pátápátá. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ má ha á ní gbígbẹ, ẹ má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ.

Ọmọ Ládípọ̀

Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ń dá ara yín lóró? Níbí, a máa ń yọ àpótí yẹn dànù ni, a ó fi páìpù tó ṣe kọrọdọ sí i, ó tán. Ta ló nílò hítà?

Ará Bàhíà (Salvador)

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Brasil o. Fusca ni wọ́n ń pè é níbí, São Bernardo do Campo ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1959 títí di 1986, wọ́n sì tún dá a padà láàárín 1993 sí 1996. Èyí tí mo ń wà, páìpù lásán ló wà ní ẹnu èéfín rẹ̀, kò sí àpótí hítà kankan.

Bàbá Mẹ́káníìkì (Mọ̀kọ́lá, Ìbàdàn)

Òótọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì sọ. Èmi náà ti yọ ọ́ dànù láìmọye. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ dé ìparí fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Lára ilé fáànù, ihò méjì wà níbi tí rọ́bà hítà ti ń wọ̀. Tí o bá yọ hítà tí o kò dí ihò méjèèjì, atẹ́gùn tó yẹ kó lọ tu ẹ́ńjìnnì lára á máa tú dànù níbẹ̀. Mo ti tú ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì nítorí ihò yẹn, ẹni tó ni ín sì ń bú ẹni tó tà á fún un. Èdídí irin ni kí o fi dí i. Rọ́bà á yọ́.

Ti ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀. Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ni hítà wà fún. Òun náà ló ń nu èémí kúrò lójú gíláàsì. Níbi tí òtútù wà, ẹni tí kò ní i kò ní ríran wakọ̀.

Nọ́ọ̀sì (Manchester)

Mi ò mọ nǹkan kan nípa nọ́ọ̀tì, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ lẹ́ẹ̀kan, pé èéfín kò gbọ́dọ̀ kan atẹ́gùn, ló mú mi wá.

Èéfín ọkọ̀ ní carbon monoxide nínú, gáàsì olóró ni. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Tó bá wọ ẹ̀jẹ̀, ó ń di ibi tí ọ́síjìn yẹ kó wà mú, dídì tó ń di ibẹ̀ mú sì ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba. Orí fífọ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, àti òòyì, àti oorun. Ẹni tó ń wakọ̀ á rò pé ó rẹ òun ni. Irú rẹ̀ ló ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nílé, gbogbo wa la ti gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́ kì í pẹ́ kó tó bá a.

Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó gbé Bàbá yín sínú ọkọ̀ yẹn, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ké bí monoxide bá wà, ẹ gbé e sínú rẹ̀. Ẹ má fi àpótí tó ti lu gbé wọn, bó ti wù kí ihò rẹ̀ kéré tó. Wọn kì í lẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Òkè-Àdó (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ̀yin ará mi, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Ẹ́ńjìnnì ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló bá mi dì í mú. Mo kán òróró ásétóònù yẹn fún ọjọ́ mẹ́fà, mo ń gbá a tọ́ tọ́ tọ́ láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, aládùúgbò mi kan sì wá béèrè bóyá aago ìtanijí mi ti kú ni. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ti sàlẹ́ńsà tú láìlo iná rárá, èyí tó yà mí lẹ́nu. Méjì ti àpótí ọ̀tún tú pẹ̀lú iná àti àbẹ́là. Ó dún *kẹ̀* lóòótọ́, Bàbá. Mo rẹ́rìn-ín nìkan lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù.

Apá òsì ló kù. Ọ̀kan, mo là á bí obì, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Èyí tí mo ti lọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní yẹn kán. Ó kù bí mìlímítà márùn-ún síta. Mo ti rí wẹ́dà kan ládùúgbò, ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé kí n sọ fún un pé kó gbá iná mọ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà kó tó jó nọ́ọ̀tì mọ́ ọn?

Ti wáyà: ti òsì jáde lọ́jọ́ kẹrin. Ti ọ̀tún já sínú páìpù, nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan ló kù sínú.

Wẹ́dà Àgége

Ẹ̀gbọ́n, kó jó nọ́ọ̀tì ná, kó wò ó bóyá ó máa gbà. Tó bá kọ̀, kó wá fi iná tó rọ̀ gbá tọ́ọ̀pù sílíńdà yí i ká, iná tó ń rìn, tí kò dúró sójú kan. Ẹ mọ bí ẹ óò ṣe mọ̀ pé ó tó? Ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ kọ ìlà sí i lára. Tí ìlà yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ẹ gbé iná kúrò.

Ìyá Ìbejì (Ṣikágò)

Wáyà tó já sínú yẹn kò le tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ fa bẹntiróòlù kúrò nínú táńkì, ẹ gbé ìkòkò rẹ̀ jìnnà sí ilé. Ẹ da òróró sí páìpù náà láti ẹ̀yìn, ẹ gbé ìdí ọkọ̀ sókè kó lè ṣàn síwájú, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ wá mú wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ tó ti gbó, ẹ tú orí rẹ̀ kó dà bí ìgbálẹ̀ kékeré, ẹ fi ọwọ́ máa yí i wọlé. Ọwọ́ o, ẹ má fi ẹ̀rọ ìlurin yí i, torí páìpù bẹntiróòlù kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ óò rí i tí ìpẹtà á máa jáde bí ẹ̀lùbọ́. Nígbà tí ọ̀nà bá ti là yí i ká, ẹ fi irin gígùn tín-ín-rín tì í láti ẹ̀yìn, kí ẹnì kan fi páláyà fà á níwájú.

Ohun tó fa gbogbo rẹ̀ ni rọ́bà kékeré tó yẹ kó wà lẹ́nu páìpù lẹ́yìn, níbi tí wáyà ti ń jáde. Tó bá ti já, omi títì á máa tọ wáyà lọ sínú. Ẹ ra tuntun, ẹ fi gíríìsì pa wáyà tuntun kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́.

Bàbá Mẹ́káníìkì (Mọ̀kọ́lá, Ìbàdàn)

Gbogbo rẹ̀ dáa. Nígbà tí o bá ń dá a padà, sítọ́ọ̀dù tuntun mẹ́jọ, kì í ṣe ọ̀kan. Nọ́ọ̀tì alákọ́pà ni kí o rà, wọn kì í gan mọ́ irin. Má fún wọn jù. Wa ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì, jẹ́ kó tutù, kí o tún fún wọn wò.

Ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ara àpótí ọ̀tún, tí àpótí náà kò bá lu, rì í sínú òróró di ọjọ́ kejì, kí o máa fi ọwọ́ mì í. Má fi òòlù kàn án. Irin rẹ̀ fẹ́lẹ́. Kí o tó dè é, tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú ihò páìpù èéfín lóru, kí o wo inú àpótí láti ẹnu rọ́bà. Tí o bá rí ìmọ́lẹ̀, dà á nù.

Ọmọ Òkè-Àdó (Lọ́ńdọ̀nù)

Bàbá, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Mo rí ìmọ́lẹ̀ tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ ní apá ọ̀tún tí mo ti rò pé ó dáa. Àpótí tuntun méjèèjì ni mo rà. Owó rẹ̀ dùn mí, ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé.

Sítọ́ọ̀dù tó kán gbà ní nọ́ọ̀tì kejì, a ò tilẹ̀ dé orí gbígbá iná mọ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà. Wáyà jáde. Ìpẹtà jáde bí ẹ̀lùbọ́ lóòótọ́.

Bàbá mi dé lọ́jọ́bọ̀. Ẹ̀rọ monoxide wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kò ké rárá láti pápákọ̀ títí dé ilé. Mo gbé ọ̀pá ọ̀tún sókè nígbà tí a kúrò ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n na ọwọ́ sí ibi ẹsẹ̀, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ibí ni atẹ́gùn gbígbóná ń gbà jáde?" Wọ́n ní ọdún mọ́kànlá tí àwọn fi wa Ìjàpá n'Íbàdàn, àwọn rò pé bíréèkì kejì ni ọ̀pá yẹn, pé àwọn kò sì fọwọ́ kàn án rí.

Nọ́ọ̀tì alákọ́pà mẹ́rin àti rọ́bà ẹnu páìpù méjì ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá nílò wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, kó kọ̀wé sí mi, mi ò ní gba owó.